Kẹ̀kẹ́ Tó Kọlà

Lẹ́yìn ìsìnkú Anthelme Freycon
ni wọ́n ní kí n wá palẹ̀ ahéré rẹ̀ mọ́,
ní ẹ̀yìn Saint-Étienne, lẹ́bàá òkìtì èédú,
níbi tí igi ti ń hù báyìí lórí èérí tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀.
Àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Lyon.
Wọ́n mú aago ògiri. Wọ́n mú àwòrán.
Wọ́n ní, "Ghislaine, èyí tó kù, ti àkìtàn ni."

Èyí tó kù:
egungun kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n gbé dábùú ilé adìyẹ.
Ó ti tó ogún ọdún tí adìyẹ ti ń sùn lé e,
tí wọ́n ń ṣu sí i lọ́rùn láìtọrọ gáfárà.
Mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀.
Ọmọ tó sùn wúwo ju ọmọ tó lajú lọ;
báyẹn ló wúwo.

Ríìmù iwájú wá láti Firminy,
lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó fi ń gbé tòmátì nàró.
Ti ẹ̀yìn, ilé-ìwé kan fẹ́ sọ ọ́ nù.
Ìjókòó awọ náà ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀;
alaalẹ́ ni mo ń fi ọ̀rá pa á,
bí ẹni ń pa ìpara fún arúgbó.
Aago rẹ̀, yúrò méjì. Kò dún.
Mo tú u: aláǹtakùn ló ń gbé ibẹ̀.
Mo bẹ̀ ẹ́ kó kó jáde.
Ṣéènì, mo rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì
nínú ìkòkò tí ìyá mi fi ń se jáàmù.
Ẹ má sọ fún un.

Kò sí ọmọ ìyá méjì láàárín wọn.
Bóòtì Ítálì kì í gbọ́ ti nọ́ọ̀tì Faransé.
Mo rẹ́ ẹ, mo lọ̀ ọ́, mo lù ú,
ó bó mi níka,
èébú jáde lẹ́nu mi tí mi ò mọ̀ pé mo mọ̀.
"Ẹ fẹ́ra yín," mo ní,
"tàbí kí gbogbo wa jọ sùn síbí."

Tẹ́lẹ̀, títà ni mo fẹ́ tà á.
Oníbàárà ti wà: ọ̀dọ́kùnrin kan tó gé irùngbọ̀n bí ẹni gé ọgbà òdòdó,
ó fẹ́ ohun àtijọ́
tí ọ̀dà rẹ̀ jẹ́ tuntun.
Owó rẹ̀ ni yóò san gáàsì ìgbà òtútù.

Mo mú sánpépà.
Dúdú ṣí. Abẹ́ dúdú, pupa.
Abẹ́ pupa, èépá ìpẹtà,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpẹtà,
ìlà.
Ìlà wúrà, tín-ín-rín bí irun ọmọ tuntun,
ó gba ọrùn lọ sí ìdí, kò gbọ̀n.
Háà, kẹ̀kẹ́ tó kọ kẹ́kẹ́!
Mo gbé sánpépà sílẹ̀.

Olóólà ni Philomène, ìyá ìyá mi,
àmọ́ irin ló ń kọ nílà,
ọdún mọ́kàndínlógún nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti wó.
Búrọ́ọ̀ṣì gígùn lọ́wọ́, èémí láyà:
kò ní mí títí ìlà yóò fi délé.
Títí tó fi darúgbó,
bó bá ń bu wáìnì sí ife, kì í mí.

Obìnrin mọ́kànlá ló jókòó ní yàrá yẹn.
Mi ò lè búra.
Ojú tó kọlà ń sọ ilé baba ẹni;
irin kò sọ orúkọ olóólà.
Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìjókòó, níbi tí ìlà ti pin,
wúrà náà wú díẹ̀,
bí ibi tí ẹnì kan ti wá mí.

Ará Lyon pè. Mo ní kò tíì ṣe tán.
Ó tún pè. Mo ní adìyẹ ló ni ín.

Lọ́jọ́ Àìkú mo gùn ún gba ọ̀nà Planfoy,
òun pẹ̀lú èépá rẹ̀, òun pẹ̀lú ìlà rẹ̀.
Nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, ìlú tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀,
atẹ́gùn ń fọn nínú sípóòkù,
ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mi ò mí.

Ṣéènì já lẹ́nu ìlú.
Mo tì í délé.
Ìwé gáàsì wà lẹ́nu ọ̀nà.